Àsíá Faransé ti sọ̀kalẹ̀ láti 1960, kí ló dé tí owó sẹ́fà ṣì wà níbẹ̀?

Láàrin ọdún mẹ́ta péré, àwọn ọmọ ogun Faransé kó ẹrù wọn kúrò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà. Wọ́n kúrò ní Mali ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n kúrò ní Burkina Faso ní oṣù kejì ọdún 2023, kí ọdún náà sì tó parí, wọ́n ti jáde ní Niger pẹ̀lú. Chad rí ẹ̀yìn wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, wọ́n fa bárékè Port-Bouët ní Abidjan lé ìjọba Côte d'Ivoire lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù keje, ó kan Senegal, níbi tí wọ́n ti wà láti ayé ìmúnisìn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ ná ọjà Dantokpa ní Kútọnu lónìí, tàbí ọjà Kétu, tàbí Sakété, tàbí Pọbẹ̀, níbi tí àwọn ẹ̀yà wa ti ń tà tí wọ́n ń rà, owó tí yóò bá lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà ni sẹ́fà (CFA), owó tí ìjọba Faransé dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1945. Lójú ìwé òfin tó dá a sílẹ̀, owó àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Áfíríkà ni. Ọmọ ogun ti lọ, owó kò tíì lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ Dakar, Bamako, Kútọnu àti Niamey ń bá àwọn aláṣẹ wọn fà, ó sì kan àwa tí a wà ní ìhà ìhín ààlà, torí pé àwa àti wọn la jọ ń ṣòwò. Mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òótọ́ àbọ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, òótọ́ àbọ̀ kì í sì í ran ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ogun tó já agbára wọn kulẹ̀

Ogun àgbáyé kejì ló fi han àwọn tí wọ́n ń jọba lé lórí pé a lè ṣẹ́gun òyìnbó. Ní 1940, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni Jámánì fi borí Faransé. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n kó láti Senegal, láti Dahomey tó di Benin lónìí, àti láti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní agbègbè náà wà lára àwọn tó jà, tí wọ́n kú, tí ọwọ́ Jámánì sì tẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá àwọn tó yè padà sí Thiaroye nítòsí Dakar, wọ́n béèrè owó iṣẹ́ ogun tí wọ́n jẹ wọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn lù wọ́n. Ìjọba kọ́kọ́ sọ pé ènìyàn 35 ló kú. Ní 2014, ààrẹ Faransé gbà pé wọ́n lé ní 70, àwọn onímọ̀ ìtàn kan sì ní iye náà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ó di oṣù kọkànlá ọdún 2024 kí Emmanuel Macron tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ààrẹ Senegal pé ìpakúpa ni. Ọgọ́rin ọdún ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí mì, àwọn tí wọ́n jẹ lówó náà sì ti kú tán.

Lẹ́yìn ogun, gbèsè ti wọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn, ó sì fi India sílẹ̀ ní 1947. Faransé ní tirẹ̀ gbìyànjú láti fi ìbọn di ohun tó kù mú. Ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ọdún 1954, àwọn ará Vietnam ṣẹ́gun rẹ̀ ní Dien Bien Phu. Ọdún yẹn kò tíì parí tí ogun fi bẹ́ ní Algeria, kò sì tán títí di 1962. Láàrin rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà omi Suez wáyé ní 1956, tí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Israel jọ gbógun ti Egypt. Amẹ́ríkà kò yìnbọn kankan lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó kàn kọ̀ láti jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rí owó tí yóò fi gbé pọ́n-ùn rẹ̀ ró, ìyẹn nìkan sì ti tó láti mú un padà sílé. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé ẹni tó bá di owó orílẹ̀-èdè kan mú lè pàṣẹ fún un láìfi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀.

Bí ó ṣe yé de Gaulle, olórí Faransé, nìyẹn nígbà tó padà sórí oyè ní 1958. Faransé kò ní agbára láti ja ogun bíi ti Algeria ní ibi mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ̀ǹda àsíá, orin orílẹ̀-èdè àti àga ààrẹ, ó sì fi àdéhùn de ìyókù.

Guinea sọ pé rárá

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, wọ́n ní kí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé dìbò. Ẹni tó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò wà nínú àwùjọ tuntun kan tí Faransé jẹ́ olórí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé rárá yóò gba òmìnira lójú ẹsẹ̀, ìrànlọ́wọ́ sì parí. De Gaulle fúnra rẹ̀ lọ káàkiri láti polongo. Nígbà tó dé Conakry ní oṣù kẹjọ, Sékou Touré, tó ti inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bọ́ sínú òṣèlú, sọ lójú rẹ̀ pé òṣì pẹ̀lú òmìnira wu àwọn ju ọrọ̀ nínú oko ẹrú lọ. Inú de Gaulle bà jẹ́ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, èyí tó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Guinea ló sọ pé rárá. Guinea nìkan ni.

Ohun tó tẹ̀lé e ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń sọ pé kí wọ́n kàn fi sẹ́fà sílẹ̀ lọ́la fara balẹ̀ gbọ́. Faransé ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ padà wálé: olùkọ́, dókítà, ẹnjiníà, òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n kó ohun èlò àti ìwé lọ, owó ìrànwọ́ dúró, òwò láàrin Guinea àti Faransé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró. Gánà ti Nkrumah ló nawọ́ sí wọn, ó ṣèlérí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1960, Guinea ṣe owó tirẹ̀ jáde. Àwọn amí Faransé tẹ ayédèrú owó náà, wọ́n sì rọ́ ọ wọ inú ọjà kó lè bà jẹ́. Kì í ṣe àhesọ lèyí o: ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀ka Áfíríkà nínú iṣẹ́ amí wọn nígbà náà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó yẹ kí n sọ apá kejì náà. Sékou Touré tó kojú de Gaulle yìí padà di ẹni tó ń fi àwọn ènìyàn rẹ̀ há àtìmọ́lé Camp Boiro. Diallo Telli, ọmọ Guinea tó jẹ́ akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, ibẹ̀ ló kú sí ní 1977, tí wọ́n fi ebi àti òùngbẹ pa á. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbò 1958, n kò sì ní tìtorí rẹ̀ gbàgbé àwọn tó kú sí Camp Boiro. Àwọn méjèèjì ni ìtàn Guinea.

Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1960

Orílẹ̀-èdè 17 ló gba òmìnira ní Áfíríkà ní ọdún 1960, mẹ́rìnlá nínú wọn ló wà lábẹ́ Faransé. Ní oṣù kẹjọ, ó ń wáyé lé ara wọn bí òjò: Dahomey ní ọjọ́ kìíní, Niger ní ọjọ́ kẹta, Upper Volta tó di Burkina Faso ní ọjọ́ karùn-ún, Côte d'Ivoire ní ọjọ́ keje, lẹ́yìn náà Chad, Central African Republic, Congo, Gabon. Àwọn ènìyàn jó ní ìgboro, ayọ̀ wọn sì tọ́ sí wọn.

Ṣùgbọ́n àdéhùn ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bá ìwé òmìnira náà rìn. Olórí ìjọba Faransé nígbà náà, Michel Debré, kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí Léon M'ba ti Gabon ní oṣù keje 1960 pé ọ̀kan kò lè wáyé láìsí èkejì. Ààbò, ẹ̀kọ́ gíga, owó àti ohun àmúṣọrọ̀ inú ilẹ̀ ló wà nínú àwọn àdéhùn náà. Nínú èyí tí Côte d'Ivoire, Dahomey àti Niger bá Faransé ṣe lórí ààbò ní oṣù kẹrin ọdún 1961, àfikún kan wà tó dárúkọ epo rọ̀bì, uranium, lithium àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tó sì ní Faransé ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ tà wọ́n. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í wa uranium ní Arlit ní ìhà àríwá Niger. Wọ́n fi ń tan iná mànàmáná ní Faransé fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí Niger fúnra rẹ̀ ṣì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí iná mànàmáná ṣọ̀wọ́n sí jù láyé, tó jẹ́ pé láti Nàìjíríà ló ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nba tó ń lò.

Ọ̀kan nínú àwọn olórí ìgbà náà fẹ́ já okùn owó yìí. Sylvanus Olympio ti Togo ni. Ìdílé Àgùdà ni wọ́n bí i sí, irú àwọn tó padà wá láti Brazil tí wọ́n sì tẹ̀ dó sí Agoué, Lomé, Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó; láti Bahia ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Ó kàwé ní London, ó ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ UAC, ó gbọ́ èdè púpọ̀, ó sì mọ bí owó ṣe ń rìn láàrin ayé. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ohun tó fẹ́ ni kí Togo ní báńkì àpapọ̀ tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù fọwọ́ sí àdéhùn owó kan ṣoṣo ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, Togo dúró síta. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n ṣe òfin tó dá báńkì náà sílẹ̀. Ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1963, àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa Olympio lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Lomé. Kí 1963 tó parí, Togo ti wọlé sínú àdéhùn sẹ́fà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ọ́ báyìí pé Faransé pa á nítorí owó. Èmi kò ní sọ ohun tí ẹ̀rí kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tó pa á jẹ́ ara àwọn ọmọ Togo tó ti bá Faransé jagun ní Algeria àti Vietnam, tí wọ́n padà wálé tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbà wọ́n sínú iṣẹ́ ológun, tí Olympio sì kọ̀ nítorí pé kò fẹ́ ná owó orílẹ̀-èdè tó kéré bẹ́ẹ̀ sórí ọmọ ogun púpọ̀. Ìbínú wọn ti tó fún ìdìtẹ̀. Èyí tó dájú ni pé báńkì náà kú pẹ̀lú rẹ̀, àti pé ọ̀kan nínú àwọn ológun náà, Eyadéma, gba ìjọba ní 1967, kò sì fi sílẹ̀ títí ikú fi mú un ní 2005, tí ọmọ rẹ̀ sì bọ́ sórí àga náà. Àwọn ọmọ Togo tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ Olympio lónìí, wọn kò tíì sí láyé nígbà tó kú. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé kò bá tíì di èèkù idà mú, kì í bèèrè ikú tó pa baba òun. Ọwọ́ wọn ti ń sún mọ́ èèkù báyìí.

Mali náà gbìyànjú. Ààrẹ Modibo Keïta ṣe owó Mali jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1962, oṣù náà kò sì tíì parí tí àwọn oníṣòwò fi yalẹ̀ sígboro Bamako, torí pé owó tuntun náà kò ràjà ní Dakar tàbí Abidjan níbi tí wọ́n ti ń ra ọjà wọn. Fàyàwọ́ gbilẹ̀. Ní 1967, Mali padà lọ bá Faransé sọ̀rọ̀, wọ́n dín iye owó náà kù sí ìdajì, nígbà tó sì di 1984, wọ́n ti padà sínú sẹ́fà. Mauritania àti Madagascar jáde ní 1973, wọn kò padà mọ́.

Báwo ni owó náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

Orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá ló ń ná sẹ́fà, ní agbo méjì. Mẹ́jọ wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, báńkì àpapọ̀ wọn sì wà ní Dakar: Benin, Togo, Niger, Burkina Faso, Mali, Senegal, Côte d'Ivoire àti Guinea-Bissau. Mẹ́fà wà ní àárín gbùngbùn, báńkì tiwọn wà ní Yaoundé. Faransé ló fọwọ́ sọ̀yà pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi sẹ́fà gba yúrò, wọn yóò rí i gbà. Iye rẹ̀ kò sì yí padà: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti ọjọ́ tí yúrò ti dé ní 1999.

Ohun tí Faransé gbà ní ìdúró fún ìfọwọ́sọ̀yà yìí ni pé àwọn orílẹ̀-èdè náà ń kó lára owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ní sínú àpò ìṣúra Faransé ní Paris. Gbogbo rẹ̀ ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Láti 1973 ó di ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 2005 ó di ìdajì fún àwọn ti ìwọ̀ oòrùn. Aṣojú Faransé sì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ báńkì wọn. Fún àwọn ti ìwọ̀ oòrùn, méjèèjì dópin lẹ́yìn àtúnṣe 2019 tí mo máa dé nísàlẹ̀. Ìwé owó náà fúnra rẹ̀, ìlú Chamalières ní àárín Faransé ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ibi tí òótọ́ àbọ̀ ti ń wọlé nìyí. Wọ́n máa ń pín in kiri pé Faransé ń gba 500 bílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí owó orí. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí pé gbogbo ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá náà ń pèsè lódindi ọdún kò tó iye yẹn. Owó tó wà ní Paris, tiwọn ni, ó sì ń bí èlé fún wọn. Ohun tó burú níbẹ̀ kò nílò àbùmọ́: orílẹ̀-èdè tó ti gba òmìnira ń fi owó rẹ̀ pamọ́ sílé ẹni tó jọba lé e lórí, ẹni náà sì ń bá a jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu iye owó tí yóò wà ní ọjà.

Oṣù kìíní ọdún 1994 ló jẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn. Láti 1948 ni sẹ́fà ti dúró lójú kan sí faranki Faransé. Kòkó àti kọfí já wálẹ̀ lójà àgbáyé lẹ́yìn 1985, gbèsè sì ń ga sí i, síbẹ̀ Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire kò gbà kí wọ́n dín iye owó náà kù. Ó kú ní ọjọ́ keje oṣù kejìlá ọdún 1993. Kò pé oṣù méjì sí i tí wọ́n fi kó àwọn olórí orílẹ̀-èdè jọ sí Dakar, níwájú mínísítà Faransé kan àti ọ̀gá àjọ IMF, tí wọ́n sì kéde pé sẹ́fà ti di ìdajì. Lóru ọjọ́ kan, ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà lọ́wọ́ kò lè fi ra ju ohun tí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ń rà lọ nínú ọjà òkèèrè. Ìrẹsì gbówó lórí, oògùn gbówó lórí. Àwọn ìyá tó ń dá owó àjọ pamọ́, àwọn tó fi sẹ́fà pamọ́ sínú àpótí fún ìsìnkú tàbí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Mo rò pé ìrántí ọdún yẹn ló wà nídìí ìbínú àwọn ọmọ wọn lónìí, ju ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ wọn láti Russia lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, Kémi Séba, ajìjàgbara tó jẹ́ ọmọ Benin tí wọ́n bí sí Faransé, sun ìwé owó 5,000 sẹ́fà kan ní gbangba ní Dakar. Báńkì àpapọ̀ fẹjọ́ sùn, wọ́n mú un, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀, Senegal sì lé e jáde nílùú. Ènìyàn lè má fara mọ́ gbogbo ohun tó ń sọ, èmi náà kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé nìkan di ọ̀rọ̀ ìgboro.

Àwa tí a ní owó tiwa ńkọ́?

Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀. Láti 1912, ìgbìmọ̀ kan tó jókòó sí London ló ń pèsè pọ́n-ùn tí Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone àti Gambia ń ná, London náà sì ni owó tó dúró fún un wà. Ìyàtọ̀ ni pé wọ́n tú u ká. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959, kí òmìnira tó dé. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dín iye pọ́n-ùn rẹ̀ kù ní 1967, Nàìjíríà kò tẹ̀lé e. Ní oṣù kìíní ọdún 1968, láàrin ogun abẹ́lé, ìjọba àpapọ̀ pààrọ̀ ìwé owó kí èyí tó wà lọ́wọ́ Biafra lè di asán. A lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀ fún àwọn tí ogun ká mọ́, ṣùgbọ́n agbára orílẹ̀-èdè tó ní owó tirẹ̀ nìyẹn, fún rere àti fún ibi. Náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ogun náà, Ìbàdàn ni wọ́n ti bá Gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀. Nàìjíríà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààbò ní 1960. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn kò gbà, wọ́n lọ sí Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún náà láti fẹ̀hónú hàn, ìjọba Balewa sì fagi lé àdéhùn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1962. Ìjọba yẹn kan náà lé aṣojú Faransé jáde ní oṣù kìíní ọdún 1961 nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí Faransé ń dán wò ní aṣálẹ̀ Sahara. Ohun tí Dakar àti Niamey ṣe láàrin 2023 sí 2025, àwọn ọmọ wa ti jà fún un nígbà tí òmìnira kò tíì pé oṣù méjì.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa náírà. Ní 1973, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan fò láti nǹkan bíi 460 kọjá 1,500. Ní 2024, sẹ́fà kan ti ju náírà méjì lọ. Àwọn oníṣòwò wa ní Ìdìròkò àti Sẹ̀mẹ̀ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, torí pé lójú wọn ni èrè oṣù kan ṣe ń yọ́ kí wọ́n tó dé ọjà. Bí ẹ bá sọ fún obìnrin tó ń ta aṣọ ní Kútọnu pé kó fi sẹ́fà sílẹ̀ kó wá gba owó bíi náírà, yóò bi yín pé kí ló ṣe yín. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Owó tí kì í mì ni ó jẹ́ kí ó mọ iye tí yóò tà á lọ́la. Ṣùgbọ́n owó kan náà tó so mọ́ yúrò ló ń jẹ́ kí òwú Benin wọ́n lójà àgbáyé nígbà tí yúrò bá ga, tó sì ń jẹ́ kí ọjà tí wọ́n kó wọlé rọrùn láti rà ju èyí tí wọ́n lè ṣe nílé lọ. Ẹni tó ń tà ń jèrè níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kò rí bá ti ṣé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí

Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 2019, Macron àti Alassane Ouattara, ààrẹ Côte d'Ivoire, kéde ní Abidjan pé sẹ́fà ìwọ̀ oòrùn yóò di eco. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ náà kò ní kó ìdajì owó wọn lọ sí Paris mọ́, aṣojú Faransé yóò sì kúrò nínú ìgbìmọ̀ báńkì. Méjèèjì ti wáyé. Àmọ́ iye owó náà ṣì so mọ́ yúrò, Faransé ṣì ń fọwọ́ sọ̀yà, orúkọ tó wà lára ìwé owó kò sì tíì yí padà. Àwọn mẹ́fà tó wà ní àárín gbùngbùn Áfíríkà kò sí nínú àtúnṣe yẹn rárá. Inú Nàìjíríà kò dùn, nítorí pé eco ni orúkọ tí gbogbo ECOWAS ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí fún owó kan ṣoṣo tiwọn. Kò pé oṣù kan tí Nàìjíríà, Gánà, Guinea àti àwọn mẹ́ta mìíràn fi pàdé ní Abuja tí wọ́n sì sọ pé àwọn kò fara mọ́ ọn. Ọdún 2027 ni ECOWAS wá fi àdéhùn sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ológun dé. Mali ní 2020 àti 2021, Burkina Faso lẹ́ẹ̀mejì ní 2022, Niger ní oṣù keje ọdún 2023. Àwọn mẹ́ta yìí dá àjọṣe Sahel sílẹ̀, wọ́n sì jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìíní ọdún 2025. Wọ́n lé ọmọ ogun Faransé, Niger sì gba ilé iṣẹ́ uranium tó wà ní Arlit lọ́wọ́ Faransé ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n Mali tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká ní 2025, ó sì fún olórí ológun rẹ̀ ní ọdún márùn-ún láìdìbò, Niger náà ṣe irú rẹ̀, àwọn ajagun láti Russia sì ti wọ ibi tí Faransé ti jáde. N kò lè pe ìyẹn ní òmìnira fún àgbẹ̀ tó wà ní Ménaka ní Mali tàbí Djibo ní Burkina Faso, tí ìbọn kò jẹ́ kó lọ sóko, tí kò sì ní ẹni tó lè fi ìbò yọ nípò.

Pẹ̀lú gbogbo ìpariwo yẹn, sẹ́fà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń ná, wọ́n sì wà nínú àjọ owó náà digbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ló ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, nígbà tí ECOWAS fi ìyà jẹ Mali nítorí ìdádúró ìdìbò, báńkì àpapọ̀ ní Dakar ti àpò owó Mali pa, Mali kò sì rí gbèsè rẹ̀ san títí wọ́n fi ṣí i ní oṣù keje. Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣe é fún Niger, Nàìjíríà sì já wáyà iná mànàmáná tó ń gbé fún wọn. Kì í ṣe Paris ló ti àpò yẹn pa lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn olórí Áfíríkà tí wọ́n jọ ń ná owó kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ ní owó ilẹ̀ òkèèrè tirẹ̀ tí yóò fi ra epo àti oògùn fún oṣù mélòó kan, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò yá a lówó, ó sì gbọ́dọ̀ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣàdéhùn kí owó tuntun rẹ̀ lè ràjà ní èbúté Abidjan, Lomé àti Kútọnu, torí pé kò sí èyí tó ní etí òkun nínú Mali, Niger àti Burkina Faso. Ohun tó dojú ètò owó Modibo Keïta bolẹ̀ lẹ́yìn 1962 nìyẹn, ilẹ̀ náà kò sì tíì sún mọ́ òkun láti ìgbà náà.

Senegal ló gba ọ̀nà mìíràn. Bassirou Diomaye Faye tó di ààrẹ àti Ousmane Sonko tó di olórí ìjọba fi ọ̀rọ̀ owó polongo, àwọn ènìyàn sì fi ìbò gbé wọn wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2024. Wọn kò tíì jáde. Wọ́n ń wo Abuja àti Abidjan. Abidjan ló ní ọrọ̀ ajé tó tóbi jù nínú àwọn mẹ́jọ náà, Ouattara, tó ti jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ Dakar nígbà kan rí, kò sì fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìsopọ̀ mọ́ yúrò. Nàìjíríà ní tirẹ̀ tóbi débi pé bó bá wọ inú eco, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí epo rọ̀bì ni yóò máa darí owó tí wọ́n ń ná ní Dakar. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti Faransé nìkan. Ó wà ní Kútọnu àti ní Lomé, ó sì tún ga sí i láti ìgbà tí náírà ti já. Bí Abuja bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí 2027 bá dé, iye tí náírà jẹ́ ní Ìdìròkò ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í.